Ọkọ̀ Tí Kò Gúnlẹ̀

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìròyìn náà dé. Ọjọ́ Ajé ni. Ìrẹsì ọdún tuntun ṣì wà nínú fìríìjì, a ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́, àfi bí ọ̀kan nínú wa ṣe ju ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp wa pé, “Ẹ gbọ́, wọ́n ti fagi lé 1899 o.” A kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, pé àwọn tó ń wá èrò sójú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e jáde. Nígbà tó yá la rí i pé Baran bo Odar, ẹni tó darí eré náà, ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sórí Instagram. Kò sí sáà kejì. Kò sí ìkẹta. Eré ti tán.

Ṣùgbọ́n kò tán. Wọ́n kàn dá a dúró ni. Ohun tó bá tán yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n dá dúró, ọ̀rọ̀ tá a sì fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, inú ọjà ló parí sí.

Àwa mẹ́rin la jọ wo eré yìí. A jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan náà, a jọ gboyè, kóòdù kíkọ la sì ń ṣe jẹun títí dòní. Gbogbo wa ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn kan nínú wa ti gbéyàwó, ẹnì kan ti bí ìbejì. Síbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kì í yẹ̀: a máa ń pàdé nílé ẹni tí ínfátà ẹ̀ lágbára jù ní Ìbàdàn. Ẹnì kan á ra súyà wá, ẹnì kan á ra ohun mímu, onílé á ti fi Wi-Fi ibi iṣẹ́ ẹ̀ gba eré tá a fẹ́ wò sílẹ̀ kó tó délé, torí owó dátà kì í ṣe nǹkan à ń fi ṣeré. Àkáǹtì kan ṣoṣo làwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń wo Netflix. A jọ ń dá owó ẹ̀ lóṣooṣù ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ ná, a máa padà sórí ẹ̀.

Ẹ lè bi wá pé kí ló ká àgbà ọkùnrin mẹ́rin lára tó bẹ́ẹ̀ nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n. Dark ni o. Baran bo Odar àti Jantje Friese, àwọn méjì tó gbé 1899 kalẹ̀, àwọn náà ló ṣe Dark ní Jámánì. Ẹni tó bá ti wo Dark mọ ohun tá à ń sọ. Ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Winden, ọmọ ń sọnù níbẹ̀, ihò kan sì wà nínú igbó tó ń gbé èèyàn lọ sí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí baba fi di ọmọ, tí ìyá bí ọmọ, tí ọmọ yẹn náà sì padà wá jẹ́ ìyá tó bí ìyá ẹ̀. A ya igi ìdílé wọn sára pátákó funfun níbi iṣẹ́ ọ̀kan nínú wa, ọ̀gá ẹ̀ rò pé àwòrán dátábéèsì ni, ó ní iṣẹ́ náà dára. Sáà mẹ́ta ni wọ́n ṣe: 2017, 2019, 2020. Nígbà tó sì parí, ó parí lóòótọ́. Gbogbo okùn tí wọ́n ti ta láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n so. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tá a gbọ́ pé àwọn kan náà ń bọ̀ pẹ̀lú eré tuntun, pé sáà mẹ́ta ni wọ́n tún pète fún un, a ò bèèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá ti gbé ọ délé rí, o ò ní máa bi í léèrè ọ̀nà.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni 1899 jáde, apá mẹ́jọ. Ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Kerberos kó èrò láti Yúróòpù, ó ń lọ sí New York. Kálukú tó wà nínú ẹ̀ ló ní ohun tó ń sá fún. Àfi bí wọ́n ṣe gbúròó ọkọ̀ mìíràn lójú agbami, Prometheus, tó ti sọnù láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀gá ọkọ̀, Eyk Larsen, yí ọkọ̀ padà, ó ní òun ń lọ wò ó. Wọ́n débẹ̀, wọn ò bá èèyàn kankan àyàfi ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò sọ̀rọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ mú wa ni èdè. Nínú ọkọ̀ yẹn, ará Jámánì ń sọ Jámánì, ará Faransé ń sọ Faransé, àwọn ará Denmark ń sọ tiwọn, Olek ń sọ èdè Pólándì, Ling Yi tó wá láti Hong Kong ń sọ èdè àwọn Ṣáínà ìhà ibẹ̀. Wọn ò sọ gbogbo wọn di elédè Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn eré mìíràn ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kejì ò ní gbọ́ ọ, síbẹ̀ wọ́n á jọ jókòó ti ara wọn. Olek àti Ling Yi fẹ́ràn ara wọn láìgbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀kan nínú wa wá láti Àkókó. Bí ìyá ẹ̀ bá pè é lórí fóònù báyìí, àwa mẹ́ta yòókù á kàn máa wòran ni, a ò ní gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wa. Torí náà, a mọ irú ọkọ̀ yẹn dáadáa. Inú ẹ̀ la dàgbà sí.

Ohun kejì ni iṣẹ́ wa. Bí eré náà ṣe ń lọ, èèyàn á gbé bẹ́ẹ̀dì, á bá ihò nísàlẹ̀ ẹ̀, ihò yẹn á gbé e lọ sínú ìrántí ara ẹ̀. Ilẹ̀kùn ń ṣí síbi tí kò yẹ kó ṣí sí. Nígbà tó di ìdajì, ó ti ń hàn pé ayé tí wọ́n wà kì í ṣe ayé gidi, pé ẹnì kan ló kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. A pariwo débi pé àwọn aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Daniel, ọkọ Maura, ń wọ inú kóòdù ayé náà, ó ń yí i padà láti inú wá kí ìyàwó ẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Àwa tá à ń fi ojoojúmọ́ wá àṣìṣe nínú kóòdù àwọn ẹlòmíì, eré yìí ń bá wa sọ̀rọ̀ tààrà. Ohun tó tún dùn mọ́ wa ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní Babelsberg, ní ìlú Potsdam nítòsí Berlin, wọ́n kọ́ ògiri ńlá tó jẹ́ kìkì iná LED, wọ́n ń gbé òkun àti òfuurufú sára ẹ̀, àwọn òṣèré á dúró síwájú ẹ̀. Àwọn tí kò sí lójú omi ló ń ṣeré àwọn tí kò sí lójú omi.

Apá méjì la máa ń wò ní alẹ́ kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin wa ni. Ẹni tó bá dá wo tiẹ̀ lẹ́yìn wa, súyà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìtanràn ẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá. A fo ọ̀sẹ̀ kan torí ọ̀wọ́n epo, kò sí mọ́tò tó fẹ́ gbé èèyàn lálẹ́. A fo òmíràn torí ìsìnkú bàbá ìyàwó ọ̀kan nínú wa. Nígbà tá a fi máa wo apá kẹjọ, ó ti di ọjọ́ 23 oṣù kejìlá. Maura jí. Kò sí nínú ọkọ̀ ojú omi mọ́. Inú ọkọ̀ òfuurufú ló wà, ọdún 2099 ni, àwọn tá a ti mọ̀ láti apá kìíní sùn yí i ká pẹ̀lú wáyà lára. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló ń kí i káàbọ̀ sí ayé gidi. Iná pa. Eré dúró.

A ò sùn lóru yẹn. A jókòó títí agogo mẹ́ta òru, à ń jiyàn. Ẹnì kan ní ayé kejì tí Maura jí sí náà, irọ́ ni. Ẹnì kan ní àbúrò ẹ̀ kò níkà nínú. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Canada nínú wa, fáìsà ẹ̀ ti jáde nígbà yẹn, ní kò burú, bí sáà kejì bá ti dé, ká pe òun lórí fídíò, òun á máa jí ní aago tó bá bá tiwa mu. A gbà bẹ́ẹ̀. Ká sọ tòótọ́, sáà kejì yẹn ni gbogbo wa gbára lé. A ti rí ọ̀pọ̀ tó lọ, tí ọ̀rẹ́ di “ẹ kú ọjọ́ ìbí” lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. A rò pé eré yìí á mú wa dúró fún bí ọdún mẹ́rin sí i.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fagi lé e.

Ẹ ò rí ìbínú! A kọ ọ̀rọ̀ burúkú sórí Twitter. A fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń gbé kiri. A ní a ò ní san owó Netflix mọ́, a sì dá a dúró lóòótọ́, fún oṣù kan. Bí àwọn tínú ń bí ṣe máa ń ṣe, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tó ti jìyà irú ẹ̀ ṣáájú wa.

A kà nípa Firefly, tí ilé iṣẹ́ Fox gbé jáde ní 2002. Apá mẹ́rìnlá ni wọ́n ti yà, mọ́kànlá ni wọ́n fi hàn kí wọ́n tó gbé e kúrò, wọn ò tiẹ̀ fi í hàn bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fi fíìmù kan, Serenity, tu àwọn èèyàn ẹ̀ nínú. A kà nípa Sense8, tí Netflix dá dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2017 lẹ́yìn sáà méjì. Àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ kò gbà, wọ́n pariwo títí, kí oṣù náà tó parí ni wọ́n ní àwọn á ṣe apá kan sí i tó máa gùn tó fíìmù, kí ìtàn náà lè délẹ̀. Ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2018.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti Jericho. CBS fagi lé e ní 2007 lẹ́yìn sáà kan. Ọ̀rọ̀ tí akọni inú ẹ̀ sọ kẹ́yìn, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó jọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀pà àti àwọn ẹbí ẹ̀. Ni àwọn olólùfẹ́ eré bá ń ra ẹ̀pà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì CBS. Ẹ̀pà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lé ní ogún tọ́ọ̀nù! CBS túúbá, wọ́n ṣe apá méje sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí sáà kejì yìí, wọ́n ya òpin méjì: ọ̀kan tí wọ́n máa lò bí eré bá máa tẹ̀ síwájú, ọ̀kan tí wọ́n máa lò bí kò bá ní tẹ̀ síwájú. Eré ò tẹ̀ síwájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òpin ti wà nílẹ̀ dè é.

Ọ̀rọ̀ òpin méjì yìí dúró sí wa lọ́kàn. A ò mọ ìdí ẹ̀ nígbà yẹn.

Ní oṣù kan náà, Ted Sarandos, ọ̀gá kan ní Netflix, sọ fún Bloomberg pé àwọn ò fagi lé eré tó ṣe àṣeyọrí rí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fagi lé, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, owó ńlá sì ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá bí ẹní fi iyọ̀ sójú egbò. Ṣùgbọ́n oníṣirò la jẹ́. A jókòó, a wo bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn. Ní 2019, Netflix ṣàlàyé fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀nà mẹ́ta làwọn fi ń ka òǹwòran: ẹni tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wo èyí tó pọ̀ jù nínú apá kan, àti ẹni tó wo gbogbo ẹ̀ tán tàbí tó kù díẹ̀ kó tán. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ àti ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń wò.

A ka ọjọ́ náà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, ọjọ́ 28 ti pé ní àárín oṣù kejìlá. Nígbà yẹn, apá kẹrin la wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́rin ń fi àkáǹtì kan wò ó. Nínú ìwé wọn, a ò pé mẹ́rin rárá. Ẹnì kan ṣoṣo la jẹ́, ẹni náà sì ti sú lọ ní ìdajì. Àwa tá a fẹ́ràn eré yìí débi tá a fi ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹran ọdún, àwa gan-an wà lára àwọn tí ìṣirò sọ pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, èyí tó kẹ́yìn kí ará Canada wa tó lọ, a tún wà níbẹ̀ tá à ń bú wọn. Pé wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn ń dúró. Pé ó kéré jù, kí wọ́n tẹ ìtàn tó kù sórí ìwé kan, kí wọ́n fún wa, ká mọ ibi tó fẹ́ lọ. Pé ta ló ń já èèyàn sílẹ̀ láàárín agbami. Ará Àkókó wa kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó kàn dédé ní, “Ìyá alájọ ńkọ́?”

Ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní 2019, àwa mẹ́rin yìí kọ áàpù kan fún àwọn alájọ. Ẹ mọ bí àjọ ṣe ń lọ: alájọ á máa yí ká lójoojúmọ́, á gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kọ̀ọ̀kan, á sì sàmì sínú káàdì tó ní àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tóṣù bá parí, á kó owó oníkálukú fún un, á mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀. Káàdì ń rẹ sómi, káàdì ń sọnù, eku ń jẹ ẹ́. A ní fóònù ò lè sọnù bí káàdì. A rí ẹnì kan tó fún wa lówó díẹ̀, a sì rí alájọ mọ́kànlá tó gbà láti gbìyànjú ẹ̀ wò. Èyí tó le jù láti yí lọ́kàn padà ni ìyá kan ní ọjà Bódìjà, alátà ni, ó sì ń gba àjọ lọ́wọ́ obìnrin mẹ́rìndínláàádọ́ta. A lọ bá a nígbà mẹ́fà. Ìgbà keje ló kó gbogbo káàdì ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó ní, “Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbà yín gbọ́.”

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, owó wa tán. Dọ́là la fi ń sanwó sáfà, náírà sì ń wálẹ̀. A jókòó lọ́jọ́ kan, a wo ìṣirò: alájọ mọ́kànlá, inú wọn ẹni márùn-ún péré ló ń lò ó lójoojúmọ́. A ní kò tó. Èèyàn díẹ̀ ni, owó sì pọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹlòmíì lókè yìí. A kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, pé a dúpẹ́ fún àtìlẹ́yìn wọn, pé áàpù náà á ti pa ní ìparí oṣù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́. Ìlà méjì. Sáwọn ìyá tá a fi Yorùbá bẹ̀ kí wọ́n tó gbà. Lọ́jọ́ tó pé, a pa sáfà náà, a sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ìyá alátà pè wá. A rí ìpè náà. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì. Olúkálùkù wa rò pé ẹlòmíì á gbé e, àbí ká sọ pé ohun tá a sọ fún ara wa nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò pè mọ́.

Nígbà tá a wà léwe, kò sí àgbà tó máa pa àlọ́ fún wa tí á dìde lọ ní àárín ẹ̀. Bí oorun tiẹ̀ ń kùn ún, á gé e kúrú ni, á sọ ibi tí ìjàpá parí sí, á sọ ẹ̀kọ́ ẹ̀, á lu agogo ẹnu ẹ̀, ká tó lọ sùn. Ẹni tó bá ti ní “ààlọ́ o” fún ọmọ tó dáhùn, ó ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè. A mọ èyí láti kékeré. Ilé ìwé gíga ò kọ́ wa ní òdìkejì ẹ̀, àwa la gbàgbé.

Alẹ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dà dátábéèsì náà. Kò rọrùn. Èyí tó wà lórí sáfà ti lọ pátápátá. Ẹnì kan rántí pé òun ti da ẹ̀dà kan sínú háàdì díìsìkì, háàdì díìsìkì náà wà nílé ìyá ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, lábẹ́ àwọn ìwé ìléwọ́ yunifásítì. Nígbà tá a rí i, ó ti ní páásíwọọ̀dù, ẹni tó fi í síbẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Canada. Ó gbìyànjú páásíwọọ̀dù mẹ́wàá ránṣẹ́, kò sí èyí tó ṣí i. Ọjọ́ kẹta, ní agogo mẹ́rin ìdájí tiwa, ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: orúkọ ìlú inú Dark ni, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ṣí. Ọjọ́ méjì la tún fi bá fáìlì náà jà, torí PostgreSQL tá a fi kọ ọ́ ti pẹ́ ju èyí tá à ń lò lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ pé. Orúkọ, ọjọ́, iye owó.

A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ti alájọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lédè Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Nínú àwọn mọ́kànlá, a rí méje. Nọ́ńbà àwọn mẹ́ta ò lọ mọ́. Ẹnì kan ti kú, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló gba ìwé náà, ó kí wa, kò sì bi wá ní nǹkan kan.

Àwa mẹ́ta tó kù nílé la lọ sí Bódìjà, a fi ẹni ìkẹrin sórí fídíò. Ìyá náà ń to tàtàṣé. Ó wò wá títí.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ṣé ẹ̀yin náà rèé?”

A dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ọjà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá. Ó ní ká dìde, pé omi tòmátì wà nílẹ̀ yẹn. A ṣàlàyé, a bẹ̀ ẹ́, a gbé ìwé náà fún un. Ó bi wá léèrè kí ló wà nínú ẹ̀. A ní orúkọ àwọn obìnrin mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, àti iye tí oníkálukú dá ní oṣù tí áàpù náà pa.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní nígbà tí fóònù ò ṣí mọ́, òun kó gbogbo wọn jọ, òun ní kí kálukú sọ iye tó dá, òun sì san án bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ta góòlù ẹ̀ kan láti fi pé e. Ó ní, “Ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ fún mi. Èló ló yẹ kí n san?” A ṣírò ẹ̀. Ó sọ iye tóun san. Iye tó fi lé e jẹ́ náírà 41,500.

Ọ̀kan nínú wa ní a lè fi hàn án, orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bù ú lé àti ẹni tí kò bù ú lé. Ó yára gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

“Ẹ má ka orúkọ o. Tí mo bá mọ̀ wọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn gbé ọjà yìí?”

A ní àwa la máa san owó náà. Ó ní ká san án, òun ò ní kọ̀ ọ́, owó kì í ṣe ọ̀tá. Ó wá bi wá ní ohun tá ò retí.

“Lọ́jọ́ tí mò ń pè yín yẹn, kí lẹ̀ ń ṣe?”

A ò rí èsì fún un. Ẹni tó wà ní Canada ló dáhùn láti inú fóònù pé, “Ojú ló ń tì wá, mà.”

Ó ní, “Ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ bá ní, ‘Ìyá, ó ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pa.’ Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo nílò.” Ó ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ tírè tó ń kówó sí. “Ṣé ó ti tán báyìí?”

“Ó ti tán, mà.”

“Ó dáa. Ẹ ra ata.”

A ra ata tó pọ̀ ju ohun tí ilé mẹ́ta lè jẹ lọ.

A ò ní parọ́ fún yín pé ìbínú 1899 ti kúrò lára wa. Kò tíì kúrò. Di òní, a ò mọ̀ bóyá ọdún 2099 yẹn gan-an jẹ́ òótọ́, a ò sì rò pé a máa mọ̀ ọ́n. A ṣì rò pé, nínú gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ògiri iná yẹn, ó yẹ kí èyí tó máa ra òpin wà níbẹ̀. A kàn ò lè bú wọn bí a ṣe ń bú wọn tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwa náà ti jókòó sídìí tábìlì yẹn rí, a ti wo nọ́ńbà, a ti ní kò tó.

Eré máa ń kú. Áàpù máa ń kú. Owó máa ń tán, kò sì sí ẹ̀pà tó pọ̀ tó láti fi bẹ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan, ojú ìwé kan wà tá a kọ́kọ́ máa ń kọ kí ìlà kóòdù kan tó wọlé. A máa ń kọ bó ṣe máa pa sí i: ta la máa pè, èdè wo la máa fi pè é, ọjọ́ mélòó la máa fún un láti kó ẹrù ẹ̀. Àwọn oníbàárà kan máa ń bínú sí i, wọ́n á ní a ń fẹnu gba ikú. A máa ń sọ fún wọn pé òpin méjì là ń yà.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ará Canada wa ṣì máa ń jí. A tún bẹ̀rẹ̀ Dark láti apá kìíní. A mọ ibi tó máa gúnlẹ̀ sí.